Ẹnu Tí Àpínkẹ́ Ṣí

Òmùgọ̀ pọ̀ ní Bódìjà ju bí àwọn ará Bódìjà ṣe rò lọ, òun ló sì jẹ́ kí Sẹ̀gilọlá rí jẹ lọ́dún tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni. Ó ga, ó lẹ́wà níwọ̀n, ó sì ní ohùn kan tó tutù bí omi àmù, irú ohùn tí wọ́n fi ń bẹ èèyàn lórí fóònù pé kó má bínú, àwọn ń wá nǹkan ṣe sí i. Ohùn yẹn ló fi jẹun fún ọdún márùn-ún nílé-iṣẹ́ kan tó ń gba ẹjọ́ oníbàárà. Nígbà tí wọ́n lé òun àti ogójì èèyàn mìíràn lọ́jọ́ kan ṣoṣo, ohùn náà nìkan ló gbé jáde.

Ó bá obìnrin kan ṣiṣẹ́ fún oṣù mẹ́jọ ní Challenge. A ó dé ibẹ̀. Lẹ́yìn náà ló rí fídíò kan lórí fóònù, níbi tí obìnrin òyìnbó kan ti ń tẹ́ káàdì aláwòrán sórí aṣọ, tó ń sọ fún èèyàn bí ìfẹ́ rẹ̀ àti iṣẹ́ rẹ̀ yóò ṣe rí. Tárò ni wọ́n ń pe káàdì náà. Méjìdínlọ́gọ́rin ni: ọba wà nínú rẹ̀, òṣùpá wà nínú rẹ̀, ọkùnrin kan sì wà tí wọ́n fi ẹsẹ̀ kan so rọ̀ sórí igi. Sẹ̀gilọlá wo fídíò fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Kò gba ọ̀kankan gbọ́. Ohun tó rí ni pé obìnrin náà kò sọ nǹkan kan tí òun kò lè sọ, bẹ́ẹ̀ àwọn èèyàn ń sunkún ọpẹ́.

Ó ra káàdì. Ó gba yàrá kan lókè pẹ́tẹ́ẹ̀sì ní ọ̀nà Awólọ́wọ̀, lórí ilé ìtajà oògùn òyìnbó kan, ó kun ògiri rẹ̀ ní àwọ̀ elésè-àlùkò, ó gbé ìkòkò òdòdó kan sí ẹnu ọ̀nà, ó sì pe ibẹ̀ ní Ojú Ọ̀la.

Ìpolówó ló mọ̀ jù. Ó tẹ ìwé pélébé, ó fi wọ́n ránṣẹ́ sí Àgbowó, níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ìfẹ́ ń yọ lẹ́nu ti pọ̀ bí eṣú. Fún àwọn oníṣòwò Dùgbẹ̀ àti Ring Road, ó kọ ọ́ pé ìmọ̀ràn okòwò ni. Fún onígbàgbọ́, ó ní kò sí òrìṣà níbẹ̀. Fún mùsùlùmí, ó ní kò sí ẹbọ níbẹ̀. Ní ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì kọ̀ọ̀kan, káàdì kan jẹ́ ọ̀fẹ́ fún ẹni tó bá kọ́kọ́ dé, káàdì kan ṣoṣo tí kì í parí ọ̀rọ̀, kí onítọ̀hún lè padà wá gbọ́ ìyókù. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ ẹ̀rí àwọn tí inú wọn dùn sórí Instagram. Ó fún wọn lórúkọ, ó fún wọn ní ìlú. Ọ̀kan wà ní Ìlọrin, ọ̀kan wà ní Toronto. Kò sí èyí tí ìyá kankan bí nínú wọn.

Ẹni tó bá fẹ́ wá yóò fi orúkọ àti nọ́ńbà rẹ̀ ránṣẹ́ ní ọjọ́ méjì ṣáájú. Sẹ̀gilọlá yóò wọ ojú ìwé onítọ̀hún lórí Facebook, yóò rí orúkọ ọkọ rẹ̀, ìsìnkú ìyá rẹ̀, ọjọ́ ìbí ọmọ rẹ̀, ọkọ̀ tó ń wù ú. Tí ẹni náà bá wá jókòó, tí káàdì ṣí, tó gbọ́ pé ìyá òun tó lọ ní oṣù Kẹta ń rẹ́rìn-ín sí òun, á la ẹnu sílẹ̀ bí ẹja. Sẹ̀gilọlá á fi ohùn tútù rẹ̀ bò ó. Nínú ọkàn rẹ̀ lọ́hùn-ún, ó ń fi gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Muslimah, tó ń ya lááli tó sì ń lẹ ìpéǹpéjú ní yàrá kejì, bi í lọ́jọ́ kan bóyá ó gba káàdì náà gbọ́. Òun náà bi Muslimah bóyá ó gbà pé ìpéǹpéjú tó ń lẹ̀ mọ́ àwọn èèyàn hù lójú wọn ni.

*

Obìnrin Challenge tí mo mẹ́nu bà ni Àpínkẹ́. Ó ti lé díẹ̀ ní àádọ́ta ọdún, opó ni, ó sanra, ó sì máa ń wo èèyàn láti òkè wá sílẹ̀ kódà tó bá jókòó. Ọdún mọ́kànlá ló ti ń ta ọṣẹ àwúre àti lọ́fínńdà ojúure. Ọṣẹ dúdú lásán ni. Àgbàlá kan lẹ́yìn Ìwó Road ló ti ń rà á. Á po kàfúrà díẹ̀ àti òórùn dídùn mọ́ ọn, á dì í sínú ike tí àwòrán ojú rẹ̀ wà lára rẹ̀. Òun náà kò gba nǹkan kan gbọ́. Nínú ilé rẹ̀, ọṣẹ òyìnbó ló fi ń wẹ̀.

Oṣù mẹ́jọ ni Sẹ̀gilọlá fi bá a mójú tó fóònù ọjà rẹ̀. Ìpolówó tó gbé ọṣẹ náà dé Abẹ́òkúta, òun ló kọ ọ́. Lọ́jọ́ tó ń lọ, ó kúnlẹ̀, ó ní òun fẹ́ lọ kàwé sí i, Àpínkẹ́ sì gbé ọwọ́ lé e lórí, ó ṣàdúrà fún un. Nọ́ńbà oníbàárà tó lé ní ẹgbẹ̀rún ló wà nínú àpò ọmọ tó kúnlẹ̀ yẹn.

Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà, ọjà Àpínkẹ́ dákẹ́. Oníbàárà rẹ̀ kan ló ṣèèṣì fi ìpolówó Ojú Ọ̀la ránṣẹ́ sí i. Ó rí àwòrán, ó rí ojú tó mọ̀. Olè náà bí i nínú, ṣùgbọ́n ohun tí kò jẹ́ kó lè jẹun lọ́jọ́ náà ni pé ọmọ yẹn ń ṣe é dáadáa ju òun lọ. Ó wá ṣe ohun tí kò ṣe rí láti ọdún mọ́kànlá tó ti ń ta oògùn: ó wá ẹni tí oògùn rẹ̀ ń jẹ́ lọ.

Wọ́n júwe bàbá kan fún un ní Àpáta, Adéróunmú, tó ti bá wọn po oògùn nílé ìwòsàn ìjọba kan títí tó fi fẹ̀yìn tì. Àpínkẹ́ retí ojúbọ. Pálọ̀ lásán ló bá, àti tẹlifíṣọ̀n tí bọ́ọ̀lù ń lọ nínú rẹ̀, àti bàbá kúkurú kan nínú síńgílẹ́ẹ̀tì tó ń jẹ ẹ̀pà. Láti ẹnu ọ̀nà ló ti kà á sí ẹni yẹpẹrẹ. Ó rojọ́ tán, ó ní kí bàbá bá òun ti ẹnu ọmọ náà pa.

“Ẹnu tí mo bá tì, wọn á gbé e lọ sí ọsibítù, aráyé á ṣàánú rẹ̀,” ni bàbá wí, láìyí ojú kúrò lára bọ́ọ̀lù. “Ṣé àánú lẹ fẹ́ kí wọ́n ṣe é?”

Àpínkẹ́ ní rárá.

“Irọ́ ló ń jẹ. Ẹ jẹ́ kí n ṣí ẹnu náà. Kí irọ́ má ṣeé pa fún un mọ́. Ẹ ó rí i bí ebi ṣe ń pa èèyàn.”

Ó wọlé lọ, ó pẹ́. Nígbà tó fi máa jáde, tẹlifíṣọ̀n ti kú fúnra rẹ̀, bẹ́ẹ̀ iná wà, fáànù sì ń yí. Ó fi nǹkan kékeré kan tí wọ́n fi òwú dúdú wé lé Àpínkẹ́ lọ́wọ́. Kò tó àtàǹpàkò, ó wúwo bí ọlọ, ó sì gbóná bí ara ẹran tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pa. Àpínkẹ́ bèèrè ohun tó wà nínú rẹ̀. Bàbá ní tí òun bá sọ ọ́, kò ní lè gbé e débi tó ń gbé e lọ.

Ní Ọjọ́rú, ó wọ takisí máíkírà lọ sí Bódìjà. Ó ra oògùn ẹ̀fọ́rí nísàlẹ̀, ó gun àtẹ̀gùn lọ bí ẹni tó ṣìnà, ó sì ri nǹkan náà mọ́ inú ìkòkò òdòdó ẹnu ọ̀nà. Kó tó sọ̀ kalẹ̀ tán, òdòdó náà ti sorí kọ́.

*

Omi ni Sẹ̀gilọlá kọ́kọ́ rí. Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, ó ṣí àpótí tó ń kó káàdì sí, ó bá wọn ní rírin, òórùn ẹrẹ̀ odò ń bọ̀ lára wọn. Òrùlé kò jò. Ó nù wọ́n, ó sá wọn sójú fèrèsé. Ní ọjọ́ Ẹtì, wọ́n tún rin, káàdì òṣùpá ló sì wà lókè: òṣùpá lójú sánmà, ajá méjì tó ń hu sí i, edé ńlá kan tó ń rá gòkè látinú omi. Ó pò wọ́n pọ̀, ó ṣí ti òkè. Òṣùpá. Ó ti òṣùpá bọ ìsàlẹ̀ pátápátá, ó pò wọ́n lẹ́ẹ̀méje, ó tún ṣí i. Òṣùpá. Ó ṣe ṣìọ̀, ó ní ọjà Ṣáínà ni.

Ọ̀sán ọjọ́ yẹn ni Lateefat dé. Ìrẹsì lápò-lápò ni obìnrin náà ń tà ní Ìwó Road, wúrà kún ọwọ́ rẹ̀, ó sì fẹ́ mọ̀ bóyá iṣẹ́ àgbàṣe tí ọkọ òun ń lé yóò bọ́ sí i lọ́wọ́. Sẹ̀gilọlá ti pèsè ìdáhùn sílẹ̀ láti alẹ́ àná: ilẹ̀kùn ńlá kan, ọkùnrin pupa kan, sùúrù. Ó ṣí káàdì. Òṣùpá ni. Ó la ẹnu, ó gbọ́ ìtọ́wò irin lórí ahọ́n rẹ̀, bí ìgbà tí èèyàn bá gé ètè jẹ. Ohùn tó jáde kì í ṣe ohùn tútù yẹn. Ó jìn, ó gbẹ, kò sì mọ àgbà yàtọ̀ sí ọmọdé.

“Ọkọ rẹ ní ilé kan ní Àkóbọ̀,” ni ẹnu náà wí. “Obìnrin ibẹ̀ ti bí ọmọ méjì fún un. Orúkọ tí ìwọ fi pamọ́ fún oyún tó bọ́ lára rẹ ni wọ́n sọ èkejì.”

Lateefat kò pariwo. Ó jókòó, ó ń wo ọmọdé tó pe òun ní ìwọ. Yàtọ̀ sí ọkọ rẹ̀, kò sí ẹ̀dá tó mọ̀ pé ó ti yan orúkọ fún oyún yẹn. Sẹ̀gilọlá ti fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu, ó sì ń fi ohùn ara rẹ̀ bẹ̀bẹ̀ láti ẹ̀yìn ọwọ́ pé òun kò mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá. Obìnrin náà dìde, ó gbàgbé báàgì, ó padà wá mú un, ó tún gbàgbé bàtà.

Ní Sátidé, ó lọ sí Àkóbọ̀. Ó bá ilé náà. Ó dúró lójú pópó, ó pe orúkọ yẹn, ọmọ kékeré kan sì dáhùn látinú àgbàlá.

*

Àpínkẹ́ jókòó sí Challenge, ó ń retí ìparun.

Ìparun náà kọ́kọ́ dà bí ẹni ń bọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ kan wá bèèrè ọjọ́ tí òun yóò gboyè. Ẹnu náà ní wọ́n ti lé e kúrò nílé-ìwé láti ọdún méjì, owó ìyá rẹ̀ ló ń jẹ. Kọngilá kan wá bèèrè ẹni tó pa bàbá òun. Ẹnu náà ní, “Ìwọ lo kọ̀ láti gbé e lọ sí ọsibítù.” Wọ́n sá sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn bí ẹni tí oyin ń lé. Sẹ̀gilọlá ti ilẹ̀kùn pa fún ọ̀sẹ̀ kan.

Nígbà tó fi máa ṣí i, wọ́n ti tò láti ẹnu ọ̀nà rẹ̀ dé iwájú ilé oògùn. Jíìpù wà lọ́tùn-ún, jíìpù wà lósì. Olúwarẹ̀ á rò pé òtítọ́ ló ń wù wọ́n. Kò sí ẹyọ ẹnìkan nínú wọn tó wá gbọ́ òtítọ́ nípa ara rẹ̀. Ti ẹlòmíràn ni wọ́n bá wá: ti ìyàwó, ti ọ̀gá, ti àbúrò tó lówó jù wọ́n lọ. Ẹnu náà á sọ ọ́ fún wọn, á sì sọ tiwọn mọ́ ọn láìbéèrè. Wọ́n á jáde pẹ̀lú ojú pípọ́n, wọ́n á nu imú, wọ́n á ní agbára ń bẹ lọ́wọ́ Àǹtí Ojú Ọ̀la, wọ́n á sì lọ sọ fún aládùúgbò wọn. Èèyàn á ta ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ́pọ̀ láti gbọ́ òfófó.

Àpínkẹ́ gba iwájú ibẹ̀ kọjá nínú máíkírà, ó rí èrò. Ó pe Adéróunmú lórí fóònù, ó ní oògùn náà ti yí padà. Bàbá ní kò yí padà. “Ẹ gbà kí n ṣí ẹnu,” ló wí. “Ẹ kò sọ fún mi pé àwọn èèyàn yín gọ̀ tó báyìí.”

*

Ṣùgbọ́n ẹnu náà ń jẹ nǹkan kí ó tó sọ̀rọ̀. Irun Sẹ̀gilọlá ń já sínú kóòmù ní òpó-òpó. Eyín rẹ̀ ń mì, ẹ̀jẹ̀ ń wà nínú itọ́ rẹ̀ ní àràárọ̀. Nígbà tó fi pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹnu náà kò dúró de káàdì mọ́. Ẹni tó bá ti jókòó síwájú rẹ̀ tó bèèrè nǹkan, á gba ìdáhùn.

Simon, ọkùnrin tó fẹ́ fẹ́ ẹ, mú un lọ jẹun ní Ring Road. Ó rí bó ṣe rù, àánú ṣe é, ó sì bi í bóyá ó ṣì fẹ́ràn òun.

“Kò fẹ́ràn rẹ rí,” ni ẹnu náà wí. “Ilé tí ìyá rẹ ní ní Jericho ló ń fẹ́.”

Simon rọra nu ọwọ́, ó sanwó oúnjẹ tí ẹnikẹ́ni kò jẹ, ó sì lọ. Ọmọlúàbí ni. Kò tilẹ̀ bèèrè òrùka tó ti fún un.

Ọkọ Lateefat wá ní tirẹ̀ pẹ̀lú ọkùnrin méjì, ó fọ́ pátákó ìta, ó ní tí ẹnu yẹn bá tún dárúkọ òun, ásíìdì lòun máa fi dí i. Sẹ̀gilọlá mọ̀ pé kò parọ́.

Ìyá rẹ̀ ló fà á lọ sọ́dọ̀ Wòlíì Ìṣọ́raolúwa ní Àgbowó. Ó gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta, ó mu omi àdúrà títí inú rẹ̀ fi ń dún. Ní ọjọ́ kẹta, wọ́n mú un kúnlẹ̀ láàárín àwọn ìyá ìjọ méje, wòlíì gbé ọwọ́ lé e lórí, ó pàṣẹ fún ẹ̀mí náà kí ó sọ ẹni tó jẹ́. Ẹnu náà kò sọ ẹni tó jẹ́. Ó ní kí wòlíì sọ ẹni tí òun alára jẹ́. Ó ní ojú ìwé Facebook àwọn ọmọ ìjọ ló ń yẹ̀ wò kí ó tó rí ìran sí wọn. Ọwọ́ wòlíì fúyẹ́ lórí rẹ̀. Àwọn ìyá méje ń wo ilẹ̀. Wọ́n sọ fún un tìfẹ́tìfẹ́ pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti di ti orí òkè mìíràn, wọ́n sì bá a pe ọkọ̀. Lójú ọ̀nà, Sẹ̀gilọlá fẹ́ rẹ́rìn-ín pé ọgbọ́n kan náà ni òun àti wòlíì jọ ń dá. Ẹ̀rín náà kò jáde.

Muslimah ló wá ronú kan ohun tí ó yẹ kí Sẹ̀gilọlá fúnra rẹ̀ ti ronú kàn. Ní ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó ti ilẹ̀kùn, ó jókòó síwájú rẹ̀, ó fi ìborùn rẹ̀ nu òógùn.

“Ta ló ṣe é sí i?” ló bèèrè.

“Àpínkẹ́ tó ń ta ọṣẹ ní Challenge,” ni ẹnu náà wí. “Èyí tí mo wà lẹ́nu rẹ̀ yìí ló kọ́kọ́ jà á lólè. Ó kúnlẹ̀ gbàdúrà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì kó oníbàárà rẹ̀ lọ. Ìwọ náà, Muslimah, láti oṣù tó kọjá ni ìwọ ti ń...”

Muslimah kò dúró gbọ́ ìyókù. Ó ti wà lórí àtẹ̀gùn.

*

Ní ọjọ́ kejì, Sẹ̀gilọlá wọ ṣọ́ọ̀bù Challenge lọ. Oníbàárà mẹ́fà ló wà níbẹ̀. Àpínkẹ́ wo ọrùn rẹ̀ tó ti di igi, ó wo orí rẹ̀ tí ó fi gèlè bò, inú rẹ̀ dùn. Ó kó ìtìjú bá a níwájú èrò, ó bi í pé kí ni olè wá ṣe níbí. Ó ti gbàgbé pé wọn kì í bi ẹnu yẹn ní nǹkan.

“Kò sí oògùn nínú ọṣẹ rẹ,” ni ẹnu náà wí. “Ẹ̀yìn Ìwó Road lo ti ń rà á. Ọdún mọ́kànlá rèé, ìwọ fúnra rẹ kò fi wẹ̀ rí.”

Àpínkẹ́ di ìgbátí káńtà mú. Lẹ́yìn náà ni ìyá àgbàlagbà kan tó kó ike mẹ́ta lọ́wọ́ bèèrè bóyá iye tó wà tẹ́lẹ̀ náà ni. Òmíràn sọ pé ti àbúrò òun jẹ́, kó sáà má tán kó tó kan òun. Ẹnìkan nínú wọn bi ẹnìkejì rẹ̀ léèrè ibi tí ẹ̀yìn Ìwó Road náà wà gan-an, nítorí pé á dínwó níbẹ̀. Wọ́n tò padà. Òtítọ́ ti balẹ̀ láàárín wọn, wọ́n sì gbé ẹsẹ̀ kọjá lórí rẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n ń ré omi kọ́tà kọjá.

Ẹnu náà yíjú sí Àpínkẹ́ nìkan. “Ọmọ rẹ,” ló wí. “Olúwapamílẹ́rìn.”

Ọmọ kan ṣoṣo tí Àpínkẹ́ bí nìyẹn. Gbogbo Challenge ló mọ̀ pé ó wà ní Kánádà, ó ti ra ilé. Irọ́ ni. Ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ló gba ìlú Agadez wọ aṣálẹ̀ lọ, ó fẹ́ ré òkun kọjá. Ó pe ìyá rẹ̀ láti Libya lẹ́ẹ̀kan, ó ní òùngbẹ ń gbẹ òun, wọ́n sì ti ibẹ̀ jà; ìyá rẹ̀ bú u pé ọ̀lẹ ni. Kò pè mọ́. Láti ìgbà náà, Àpínkẹ́ kò pa fóònù rí, kò pààrọ̀ nọ́ńbà, kì í jẹ́ kí iná tán nínú rẹ̀.

Ó fo káńtà. Bí ara rẹ̀ ṣe wúwo tó, ó fò ó. Ó fi ọwọ́ méjèèjì dí ẹnu ọmọ náà, ó ní kó má sọ ọ́, kó jọ̀ọ́, kó má sọ ọ́. Ètè náà kò yé rìn lábẹ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, bí ẹja tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fà jáde lómi. Ó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ náà lára ọwọ́, kò gbọ́ ọ létí. Ó wọ́ ọ jáde, ó tì í sínú máíkírà kan, kò sì gbé ọwọ́ kúrò títí ilẹ̀kùn ọkọ̀ fi pa dé.

*

Àpínkẹ́ gba Àpáta lọ lọ́jọ́ náà, ó ní kí bàbá tú oògùn náà. Adéróunmú kò bá a jiyàn. Ó ní ohun tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ rì mọ́lẹ̀, kó lọ fi ọwọ́ ara rẹ̀ fà á tu, kó jù ú sínú omi tó ń ṣàn, kí ó sì má wo ẹ̀yìn. Àpínkẹ́ ti dìde kí bàbá tó parí ọ̀rọ̀.

Ó dé Bódìjà ní àárọ̀ kùtù kí ilẹ̀kùn kankan tó ṣí. Òdòdó inú ìkòkò ti di koríko gbígbẹ. Ó wa ilẹ̀, ó bá nǹkan náà. Ó ti tutù. Ó ti fúyẹ́ bí ìyẹ́ adìẹ. Ó gbé e lọ sí Dùgbẹ̀, ó dúró lórí afárá Ògùnpa, ó na ọwọ́ sórí omi dúdú tó ń kó ọ̀rá àti pàǹtírí lọ nísàlẹ̀.

Ọwọ́ rẹ̀ kò ṣí. Ó rò ó pé tí òun bá jù ú, ẹnu yẹn á pa dé, kò sì ní sí ẹnìkan láyé yìí mọ́ tó lè sọ ibi tí Pamílẹ́rìn wà fún òun. Lánàá, ó fo káńtà kó má baà gbọ́. Láti àná, ara àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ń yún un. Ó ti nǹkan náà sínú báàgì, ó padà sí Bódìjà. Lójú tirẹ̀, níwọ̀n ìgbà tí kò tíì kan omi, ẹnu náà ṣì ṣí.

Obìnrin tó ti fi oògùn jẹun fún ọdún mọ́kànlá kò mọ̀ pé ìgbà tó ti fà á tu ni gbogbo rẹ̀ ti parí.

*

Sẹ̀gilọlá mọ̀. Ó fọ ẹnu láàárọ̀ ọjọ́ náà, kò sí ẹ̀jẹ̀. Ó dé ṣọ́ọ̀bù, káàdì gbẹ, òórùn ẹrẹ̀ ti lọ. Ọkùnrin tó ń ta oògùn nísàlẹ̀ kí i, ó bi í bóyá ara ti le, Sẹ̀gilọlá sì gbọ́ tí ohùn tútù rẹ̀ ń dáhùn pé ara òun le dáadáa, òun sùn bí ọmọ tuntun. Irọ́ pátápátá. Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó sunkún ayọ̀ lórí irọ́ náà. Lẹ́yìn náà, ó sọ fún Muslimah láti ọ̀nà jíjìn pé aṣọ tó wọ̀ dára. Aṣọ náà burú.

Inú yàrá ló wà tí Àpínkẹ́ fi gun òkè wá. Kò kí i. Ó jókòó sórí àga oníbàárà, ó tú gèlè rẹ̀ sórí ẹsẹ̀, irun funfun wà lórí rẹ̀ tí Sẹ̀gilọlá kò rí rí.

“Pamílẹ́rìn,” ló wí. “Sọ ọ́ báyìí. Mi ò ní dí ẹnu rẹ mọ́.”

Sẹ̀gilọlá dúró de ìtọ́wò irin. Kò sí nǹkan kan. Ó wo obìnrin náà, ó sì rí i pé kò mọ̀. Ìyá yìí ti gbà nínú egungun rẹ̀ pé ẹnu tó wà níwájú òun kò lè parọ́. Kò sí oníbàárà tó jókòó sórí àga yẹn rí tó dára tó báyìí.

Ó lè sọ pé òun kò mọ̀. Ó ro ti Simon, ó ro ti irun rẹ̀ nínú kóòmù, ti ásíìdì. Ó wá ọ̀rọ̀ tí yóò wọ obìnrin náà lára jù lọ, tí kò sì ní kúrò níbẹ̀ láéláé. Ó ki ohùn rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó jẹ́ kó gbẹ. Lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láyé rẹ̀, ó mọ̀-ọ́n-mọ̀ pe àgbà ní ìwọ.

“Ó wà láàyè,” ló wí. “Ó mọ nọ́ńbà rẹ lórí. Kò fẹ́ gbọ́ ohùn rẹ mọ́ ni.”

Ó tẹjú mọ́ ọn, kí ó lè rí bí ọ̀rọ̀ náà ṣe máa wọlé.

Àpínkẹ́ ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ. Àpínkẹ́ ní rárá, ti àkọ́kọ́ yẹn nìkan.

“Ó wà láàyè.”

Obìnrin sísanra yẹn kúrò lórí àga, ó kúnlẹ̀ sórí sìmẹ́ńtì fún ẹni tó lè bí, ó di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú. Ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín, ikun ń jáde nímú rẹ̀. Ó ní kí Sẹ̀gilọlá forí jì òun. Ó ní òun náà ti forí jì í, kí ó máa lo àwọn nọ́ńbà yẹn lọ. Sẹ̀gilọlá ń gbìyànjú láti gbé e dìde, ó ń pè é ní Mọ̀mí, ó ń sọ ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde, Mọ̀mí, ẹ gbọ́ mi ná. Àpínkẹ́ kò gbọ́ pé ohùn náà ti yàtọ̀. Ó dìde, ó wé gèlè ní wíwọ́, ó di ògiri àtẹ̀gùn mú sọ̀ kalẹ̀.

Sẹ̀gilọlá lọ sí ojú fèrèsé. Ó ṣí i, ó la ẹnu láti pè é padà. Nísàlẹ̀, Àpínkẹ́ ti dá máíkírà kan dúró, kò sì tíì wọlé. Ó gbé ìgbúnwọ́ lé fèrèsé ọkọ̀, ó ń sọ fún awakọ̀ tí kò mọ̀ ọ́n rí pé ọmọ òun wà láàyè, ó kàn ń bínú ni, bí àwọn ọmọ ṣe máa ń bínú nìyẹn, inú rẹ̀ á rọ̀. Awakọ̀ náà ní àmín. Àpínkẹ́ fa fóònù jáde, ó wo iye iná tó kù nínú rẹ̀, ó sì wọlé.